Àwòrán Ta Ló Yẹ Kí A Gbé Sí Fìtírìnì?

Treichville, Abidjan
Ìgbà ọyẹ́, 1997

Àbẹ̀kẹ́ mi, Fúnmiláyọ̀ ọmọ onífọ́tò,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo kí ọ kú àjò. Ìyá rẹ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń ṣa ìrẹsì, ó sì ń wo ọwọ́ mi bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò orí iná. Ara wa le. Ọyẹ́ ti bó wa ní ètè, ṣùgbọ́n òrí wà nílé. Àwọn akọrin ìjọ ṣì ń bínú sí mi pé mo jẹ́ kí o kó lọ sí Bouaké, wọ́n ní kò sí ẹni tó ń gba ohùn òkè mọ́. Mo ní kí wọ́n máa gbọ́ ohùn náà lórí rédíò.

Mo mọ̀ pé Yorùbá orí ìwé lè fún ọ ní wàhálà díẹ̀. O ń gbọ́ ọ ju bí o ṣe ń sọ ọ́ lọ, o sì ń sọ ọ́ ju bí o ṣe ń kà á lọ. Kà á sókè, bí o ṣe máa ń ka ẹsẹ Bíbélì ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, etí rẹ yóò bá ojú rẹ ṣe é. Mi ò fẹ́ kọ ọ́ ní Faransé. Faransé tèmi, Faransé ọjà ni. Ó tó fi na ọjà, kò tó fi bá ọmọ ẹni sọ̀rọ̀.

Nígbà tí o pè wá lórí tẹlifóònù lọ́jọ́sí, o ní, "Pàápá, ọ̀gá wa ní kí n máa wá ẹnì kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí a ó gbé sórí rédíò láàárọ̀. Ó ní kí n mú ẹni tó tó gbọ́ wá. Báwo ni màá ṣe mọ ẹni tó tó gbọ́?" Mo rẹ́rìn-ín, o sì rò pé mò ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Rárá o. Ìbéèrè tí èmi náà ti ń bá fà á láti ọjọ́ tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ni o bi mí. Mi ò rí èsì kan ṣoṣo fún un. Ohun tí mo ní ni ìtàn kan. O ti gbọ́ àbọ̀ rẹ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn àdúgbò, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi tí mo wà níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ.

O rántí fìtírìnì iwájú ṣọ́ọ̀bù wa, àpótí onígíláàsì tí mo máa ń gbé fọ́tò kọ́ sí kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ohun tó kọ́ mi ni mo ń ṣe. Ọ̀gá mi ní, "Ẹni tó bá ya èyí tó tóbi jù ni kí o gbé sí àárín." Ó ti tán. Ẹni tó lówó ló wà láàárín, ẹni tó lówó díẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn tó kù wà nínú àpótí abẹ́ tábìlì. Èmi náà rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, mi ò sì dá ọ̀gá mi lẹ́bi, nítorí fọ́tò ńlá ló ń san owó ilé.

Nígbà náà, ẹni tó wà láàárín fìtírìnì mi ni Alájì Sàlámì. O mọ̀ ọ́n, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa ni, ó ń ta aṣọ ní Adjamé, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kejì nítòsí wa níbí. Kò pẹ́ tó ti Mẹ́kà dé tó fi ya fọ́tò kan tó tóbi tó ilẹ̀kùn fèrèsé, pẹ̀lú láwàní àti tẹ̀sùbáà. Láràárọ̀ tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń dúró níwájú fìtírìnì, á tún láwàní orí rẹ̀ ṣe bíi ti inú gíláàsì, á wá ní, "Onífọ́tò, ṣé ò ń nu gíláàsì yìí dáadáa?" Màá ní, "Mò ń nù ún, Alájì." Èèyàn dáadáa ni. Ó kàn fẹ́ràn kí wọ́n máa rí òun ni.

Ẹnì kejì nínú ìtàn náà ni Ìyá Rìsì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, opó ni, abọ́ tánganran ló ń tà lẹ́nu àdúgbò wa, níbi tí ojú ọ̀nà ti yà kúrò ní ti ọjà. Kí n má parọ́ fún ọ, kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Ariwo rẹ̀ pọ̀. Bí òjò bá rọ̀, á bú òjò. Bí ọlọ́jà kan bá na igi tẹ́ǹtì rẹ̀ kọjá ààlà, gbogbo Treichville ló máa gbọ́. Ó lè fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ èébú, kó gbé e gba inú Dioula, kó sì fi Faransé parí rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní Rédíò. Bí ó bá ti ń pariwo, àwọn àgbà á ní, "Ẹ má dá a lóhùn, Rédíò ni." Bí a ṣe ń kọ etí ikún sí i nìyẹn. Ẹni tó bá ń pariwo lójoojúmọ́, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ ariwo mọ́.

Wàyí o, ó di àsìkò òjò ńlá. Òjò bẹ̀rẹ̀ lóru, kò sì dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Àgbàrá kún ojú ọ̀nà wa láti ògiri dé ògiri, omi pupa tó kó ewé àti bébà dání. Bí o ṣe mọ̀, òjò kì í dá ọjà dúró ní Abidjan. Àwọn èèyàn ń ká ṣòkòtò sókè, wọ́n ń fi bàtà sọ́wọ́, wọ́n ń wọ́ omi kọjá. Èmi dúró lórí sìmẹ́ǹtì iwájú ṣọ́ọ̀bù, kámẹ́rà wà lọ́rùn mi nítorí mo ní ìkómọjáde láti lọ yà lọ́jọ́ náà, mò ń dúró kí òjò fúyẹ́.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohun kan tó dún bí ẹni já aṣọ. Wáyà iná já lórí òpó, ó ta páràpárà, ó sì bọ́ sínú omi láàárín èmi àti ẹnu ọ̀nà tí Ìyá Rìsì ti ń tajà. Kò jó mọ́. Kò dún. Omi náà wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó bani lẹ́rù níbẹ̀ gan-an nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan kò ní rí nǹkan kan ju omi òjò lọ.

Ìyá Rìsì rí i. Òun nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀hún tó rí i. Kí n tó mọ ohun tí màá ṣe, ó ti fò lé orí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó mú abọ́ ńlá kan àti ìdérí ìkòkò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. "Ẹ má bọ̀ níbí o! Iná wà nínú omi! Kana taga! N'avancez pas!" Èdè mẹ́ta ló fi ń sọ pé kí wọ́n dúró. Òjò ń lu òun náà. Gèlè rẹ̀ ti bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Kí lo rò pé àwọn èèyàn ṣe? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ní, "Rédíò ti bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀." Ó sì ń bọ̀. Ìyá Rìsì sọ abọ́ lù ú láyà. Ọkùnrin náà bínú, ó sì dúró kó lè bú u padà. Ohun tí ìyá náà sì fẹ́ kò ju kó dúró lọ. Báyìí ló ṣe ń ṣe é. Ẹni tí ìkìlọ̀ kò bá dá dúró, ó ń fi èébú dá a dúró. Ó bú ìyá àwọn kan, ó bú bàbá àwọn kan, ó sọ abọ́ márùn-ún mẹ́fà lu èèyàn, abọ́ tó jẹ́ ọjà rẹ̀. Èmi ń pariwo láti ọ̀hún, ṣùgbọ́n òjò ń gbé ohùn mi lọ.

Ibẹ̀ la wà tí Alájì Sàlámì fi dé, tòun ti agbádá funfun àti ọmọ iṣẹ́ tó di agbòòrùn mú lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbò tó ń sìn ti já okùn, ó sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ìyá Rìsì ní, "Alájì, ẹ dúró!" Alájì kò tilẹ̀ wò ó. Àwọn èèyàn ńlá kì í dá Rédíò lóhùn. Ó ká agbádá rẹ̀ sókè.

"Alájì, mo ní ẹ dúró, iná wà níbẹ̀!"

"Obìnrin yìí, ṣé èmi náà lo fẹ́ bú lónìí?"

Ìyá Rìsì kò bú u. Ó na ọwọ́ láti orí bẹ́ǹṣì, ó já fìlà lórí Alájì, ó sì jù ú sẹ́yìn, jìnnà, sínú ẹrẹ̀ ọ̀nà ọjà. Gbogbo èèyàn ké "Háà!" Alájì yí padà pẹ̀lú orí tó pá, ó ń wo ibi tí fìlà Mẹ́kà rẹ̀ bọ́ sí. Mo gbé kámẹ́rà mi sójú ní ìṣẹ́jú yẹn, mo sì yà á. Má bi mí ìdí. Ọwọ́ mi kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe ni. Ìyá Rìsì ni mo yà, tòun ti ẹnu tó là gbàgà, irun tó tú, abọ́ tó gbé sókè bí ẹni fẹ́ jà.

Bí Alájì ṣe yí padà wá fìlà, àgbò náà kò dúró. Ó wọ inú omi. Ó rìn díẹ̀, ó wá gbọ̀n rìrì, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì dìde mọ́.

Kò sí ẹni tó tún rẹ́rìn-ín. Alájì dúró lójú kan, fìlà ẹlẹ́rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo àgbò.

Mo rò pé ó ti parí. Ìgbà náà ni mo rí ìyá rẹ tó ń ti ọ̀nà kọ́rọ́ kejì bọ̀, èyí tó gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, tí kò gba ibi tí èrò dúró sí. Ó ti gbé ọ lọ gba abẹ́rẹ́ ọmọdé. Ó pọ̀n ọ́, ó fi ìborùn bò ọ́ lórí, ó tẹrí ba nítorí òjò, kò rí àgbò, kò rí èrò. Ó ń bọ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo pe orúkọ rẹ̀ títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Kò gbọ́. Mi ò lè sọdá sọ́dọ̀ rẹ̀, omi wà láàárín wa. Kámẹ́rà wà lọ́rùn mi, mi ò rántí pé mo ní i. Mo rí i tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Mo rí i tí Ìyá Rìsì sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, tó sáré fẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí omi kò dé lọ bá a, tó sì sọ nǹkan kan. Ìyá rẹ dúró. Ó fi ẹsẹ̀ náà lélẹ̀ sẹ́yìn.

Jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ iná dé nígbà tó yá, wọ́n pa iná, wọ́n sì kó wáyà náà. Omi fà. Ọkùnrin oníwèé ìròyìn kan dé lẹ́yìn wọn, ẹni tó wọ ẹ̀wù òjò tó dára. Ó bi mí pé, "Èèyàn mélòó ló kú?" Mo ní, "Kò sí. Àgbò kan ni." Ó ní, "Kò sí ẹnikẹ́ni?" Mo ní, "Kò sí." Ó ti bíírò rẹ̀ bọ àpò, ó kí mi dáadáa, ó sì wọ takisí lọ. Mo wò ọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ, o ń sùn, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ.

Ọmọ mi, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mú nínú èyí nìyẹn. Ọkùnrin yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ pé ohun tó bàjẹ́ ni ìròyìn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa lọ́jọ́ náà ni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ẹnì kan ni kò sì jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá pa iná kó tó jó ilé, kò ní ní eérú láti fi han ayé. Máa wá irú wọn kiri. Ó ṣòro, nítorí kò sí èéfín tó máa júwe ilé wọn. Máa béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn pé, "Ta ni kò jẹ́ kó burú ju báyìí lọ?" Wàá rí i pé wọ́n á dárúkọ ẹnì kan tí o kò retí. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò mọ èyí tó gbé àdúgbò ró.

Mo fọ fọ́tò náà lálẹ́ ọjọ́ kejì. Mo mọ̀ pé kò sí èyí tí mo tíì yà rí tó dára tó o. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi han Ìyá Rìsì, ó sún un sẹ́yìn, ó sún un mọ́jú, ó ní, "Ṣé bí ẹnu mi ṣe rí nìyí?"

Mo ní, "Bó ṣe rí lọ́jọ́ náà ni, mà."

"O ò ní gbé èyí síta o. Kí àwọn ọmọ àdúgbò rí i kí wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín? Ya mí bí èèyàn."

Ó wá lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú léèsì, ìlẹ̀kẹ̀ àti àtíkè. Ó jókòó ṣinṣin, ó pa ẹnu dé bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu. Mo yà á, mo gbé e sí fìtírìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alájì. Kò sí ẹni tó dúró wò ó. Ìyá Rìsì á ti ìdí ọjà rẹ̀ máa yọjú wò bóyá ẹnì kan ń wo òun, àwọn èèyàn á sì máa kọjá. Obìnrin kan tó bá ìyá náà jà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ wo fọ́tò ọ̀hún, ó bi mí pé, "Ta ni màdáámù yìí?"

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ìyá Rìsì fúnra rẹ̀ wọlé wá bá mi. Ó jókòó. Ó ní, "Onífọ́tò, yọ obìnrin yẹn kúrò níbẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Gbé ẹlẹ́nu gbàgà yẹn síbẹ̀."

Mo ní, "Ṣé ó dá yín lójú, mà?"

"Mo ní gbé e síbẹ̀. Ṣé ẹnu ọ̀hún kọ́ ló ṣiṣẹ́ ni?"

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, máa gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ojú náà. Ojú olójú kì í ṣe ọjà. Kó o sì ní sùúrù tí wọ́n bá kọ́kọ́ ní rárá. Bí mo bá fi agídí gbé e síta lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ǹ bá ti dójú ti opó. Bí mo bá sì fi èyí tó ní àtíkè sílẹ̀ títí, ǹ bá ti pa irọ́ tó dára lójú. Òun fúnra rẹ̀ ló rin ọ̀nà náà dé ibi tí òtítọ́ wà. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n dúró dè é lọ.

Ọjọ́ tí mo gbé e síbẹ̀, èrò kún iwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ òjò ń ṣàlàyé fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Inú mi dùn, títí Alájì fi dé. Kò kí mi.

"Onífọ́tò, ṣé obìnrin tó já fìlà lórí mi lo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi? Gbogbo Adjamé ló ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bí kò bá kúrò níbẹ̀ kí Iléyá tó dé, kò sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó máa ya fọ́tò Iléyá lọ́dọ̀ rẹ. Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó lè ṣe é, mo sì mọ̀. Mo ní, "Alájì, bàbá mi ni yín. Bí ẹ bá ní kí n yọ ọ́, màá yọ ọ́. Ẹ kàn sọ fún mi, bí àwọn èèyàn bá bi mí pé kí ló dé tó fi já fìlà yín, kí ni kí n sọ fún wọn?"

Alájì ní kí n fún òun ní àga. Ó jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí àwọn tó wà níta kò ti lè rí i. Ìyá kan dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì, ó nawọ́ sí fọ́tò Ìyá Rìsì, ó ní, "Ẹ wò ó. Bí wáyà bá bọ́ sínú omi, ẹ má wọ̀ ọ́, ẹ má sá lọ náà. Ẹ dúró kí ẹ pariwo báyìí." Èyí àbúrò là ẹnu gbàgà, ó ń ṣe bíi ti fọ́tò. Wọ́n lọ. Ẹlòmíràn dé, ó sọ nǹkan tó jọ ọ́. Alájì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Àgbò yẹn," ó ní, "ẹ̀yìn mi ló wà."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Alájì."

Ó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀. "Sún tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o gbé tirẹ̀ sáàárín. Mi ò ní kí o yọ tèmi o! Sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo wí. Kí o sì máa nu gíláàsì yẹn."

Láti ọjọ́ náà, Alájì ló di ẹni tó ń sọ ìtàn fìlà fún gbogbo ayé, tó sì ń fi kún un. Ní ọdún tó kẹ́yìn rẹ̀ láyé, fìlà náà ti fò dé ẹ̀bá ọ̀sà.

Ìdí tí mo fi sọ ti Alájì ni pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ bíi tìrẹ máa ń rò pé kí a tó gbé mẹ̀kúnnù ga, a gbọ́dọ̀ tẹ ọlọ́lá mọ́lẹ̀. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́lá náà ní ìtàn, bó bá ti lè gbà kí a sún òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Má sì gbàgbé pé òkìkí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀rí.

Kí n tún sọ èyí kí n tó gbàgbé. Èrò kọ́ ni ìwọ̀n. Ọkùnrin kan gbé fíìmù wá fún mi nígbà kan kí n fọ̀ ọ́, àwòrán olè tí wọ́n ń lù ní Yopougon ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n gbé e sí fìtírìnì, èrò á pọ̀ ju ti Ìyá Rìsì lọ. Òótọ́ ló sọ, wọn ì bá pọ̀ jù ú lọ. Mo dá fíìmù rẹ̀ padà fún un. Àwọn tó wo Ìyá Rìsì mú nǹkan lọ sílé: wọ́n mọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí wáyà bá já. Kí ni àwọn tó bá wo ìyẹn máa mú lọ sílé? Bí o bá fẹ́ gbé ohun kan síwájú ayé, bi ara rẹ léèrè ohun tí wọ́n máa gbé lọ nígbà tí wọ́n bá ti pa rédíò. Bí kò bá sí nǹkan kan, wá ẹlòmíràn.

Kó o sì máa padà lọ kí àwọn tí o bá gbé jáde. Lẹ́yìn tí mo gbé fọ́tò Ìyá Rìsì sáàárín, orí rẹ̀ wú fún bí oṣù kan. Ó ń fi orúkọ fìtírìnì ra nǹkan ní ẹ̀dínwó. Lẹ́yìn náà ni èrò dín kù, ó sì dákẹ́ lọ́nà tí kò dára. Wíwò tí ayé ń wo èèyàn, bí oòrùn ni. Bó bá wọ̀, òtútù á mú ẹni tó ti bọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kì í ṣe torí fọ́tò. A jọ ń bú òjò ni. Ó ti dàgbà gan-an báyìí, Rìsì ọmọ rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ ní Bingerville, ó sì tún ti ń bú àwọn aládùúgbò ibẹ̀. Ara rẹ̀ ti yá nìyẹn.

Ọlọ́run tó fún ọ ní ohùn yóò fún ọ ní etí. Ọ̀nà rẹ kò ní dí. Ẹni tí o bá pè, ọ̀rọ̀ tó ṣàǹfààní ni yóò bá wá. Ìwọ náà kò ní di ẹni tí wọ́n ń wò nítorí ibi. Máa jẹun. Má máa fi búrẹ́dì nìkan ṣe oúnjẹ ọ̀sán.

Ìyá rẹ ti gba ìwé yìí kà, ó ní mi ò sọ ọ́ tán. Ó ní kí n gbé bíírò fún òun.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.

*

Fúnmi mi, èmi ìyá rẹ ni. Gbogbo ohun tí bàbá rẹ kọ, òótọ́ ni, àfi pé ó jìnnà, kò gbọ́ ohun tí Ìyá Rìsì sọ fún mi. Mi ò sọ ọ́ fún un rí.

Èmi àti Ìyá Rìsì ti ń bínú síra wa tipẹ́ kó tó di ọjọ́ náà. Lórí okùn ìsáṣọ ni. Mo ti sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ fún opó, òun náà ti ní kí n má pe orúkọ òun mọ́. A kì í kíra. Nígbà tí mo rí i tó ń sáré bọ̀ lọ́jọ́ òjò yẹn, ọkàn mi sọ pé ó fẹ́ wá bú mi ni. Mo mọ ara mi. Bó bá bú mi, màá kọjá lára rẹ̀ ni, màá gbé ẹsẹ̀ mi lé ibi tó ní kí n má gbé e lé, nítorí ìkanra.

Kò bú mi. Gbogbo ọjà ló ń bú láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó bú ọ̀pọ̀lọpọ̀, ohùn rẹ̀ ti há. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó rẹ ohùn náà sílẹ̀ pátápátá, ó fi oríkì mi pè mí bí ìyá mi ṣe máa ń pè mí. Ó ní, "Àjíkẹ́, jọ̀ọ́. Má gba ibẹ̀."

Ohun tó dá mi dúró nìyẹn. Kò sí nínú fọ́tò kankan. Tí o bá ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọmọ mi, tẹ́tí sí ibi tí ohùn wọn bá ti rẹlẹ̀.